Ẹ gbà mí o: ògúnfe mi dì bí òkúta, Labor Day sì di ọ̀tunla

Ìyàwó Katy, Texas: Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Ògúnfe páùn 32 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìsà, ọ̀bẹ ò wọ̀ ọ́ rárá. Ọ̀tunla, Ọjọ́ Ajé, ni Labor Day, ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí; aago méjì ọ̀sán, ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ láti San Antonio àti Austin, àwa bíi 45 lápapọ̀. Ìyá ọkọ mi wà níbí láti Ìbàdàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wá sí Amẹ́ríkà nìyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n padà. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé ilé wa ni ká ti ṣe é lọ́dún yìí. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín. Báwo ni màá ṣe yọ́ ẹran yìí tí kò fi ní bàjẹ́? Ṣé mo lè se jọ̀lọ́ọ̀fù sílẹ̀ lálẹ́ ọ̀la? Wáìnì ńkọ́, ìgò mélòó, pupa ni àbí funfun? Àwọn àbúrò ọkọ mi mọ wáìnì mu dáadáa, mi ò fẹ́ kójú tì mí. Ẹran náà wà lórí kántà báyìí, mo ní kó máa yọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston: Gbé e kúrò lórí kántà! Gbé e wọ fíríìjì ná kí o tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó ṣe mí lọ́dún 2019 nìyẹn. Adìẹ ni tèmi, méjìlá. Mo kó wọn sórí kántà mọ́jú. Nígbà tí mo jí, ara wọn ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti ń yọ̀, inú wọn ṣì jẹ́ yìnyín. Mo fi imú kan án, mo mọ̀ pé ó ti tán. Gbogbo méjèèjìlá ni mo dà nù, àlejò sì ti wà lọ́nà. Ṣé odidi ni ẹran tìrẹ ni àbí wọ́n ti gé e?

Ìyàwó Katy: Wọ́n ti gé e, Mà. Ọ̀rá mẹ́jọ ni, páùn mẹ́rin mẹ́rin. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ wọ fíríìjì.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ọlọ́run yọ ọ́. Ká ní odidi ni, kò ní yọ́ nínú fíríìjì kí Ọjọ́ Ajé tó dé, torí páùn mẹ́rin sí márùn-ún ló ń gba odindi ọjọ́ kan níbẹ̀. Fi ọ̀rá mẹ́rin sílẹ̀ nínú fíríìjì, wọ́n á ti rọ̀ kó tó di alẹ́ ọ̀la. Mẹ́rin yòókù, di ẹnu ọ̀rá wọn pa kí omi má wọlé, kí o rì wọ́n sínú omi tútù nínú síǹkì. Omi tútù ni mo wí o, kì í ṣe èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, da omi náà nù, fa òmíràn. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta ó ti yọ́. Bó bá sì ti yọ́ báyẹn, orí iná ló ń lọ tààrà, má dá a padà sí fíríìsà ní tútù.

Bàbá Bowie, Maryland: Ẹ kú alẹ́ o. Ṣé àsun lẹ fẹ́ fi ẹran náà ṣe? Ọmọ Oǹdó ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àsun. Ẹ má gbé ògúnfe lásán sórí gíríìlì fún èèyàn 45, eyín á kán. Ẹ fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, táìmù àti iyọ̀ bọ̀ ọ́ títí fọ́ọ̀kì á fi wọlé, àmọ́ kó má tíì ya kúrò lára egungun. Lẹ́yìn náà lẹ wá gbé e sórí èédú kí èéfín lè wọ̀ ọ́, kí ìdí rẹ̀ pọ́n. Ata rodo àti àlùbọ́sà lẹ ó fi yí i gbẹ̀yìn. Omi tẹ́ ẹ fi bọ ẹran, ẹ má dà á nù, òun lẹ ó fi se jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ní ti jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sí wàhálà. Ẹ sè é lálẹ́ ọ̀la, ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú kúlà ńlá, ẹ fi fóìlì bò ó, ẹ dé e pa. Tẹ́ ẹ bá ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, á ṣì máa rú èéfín.

Nọ́ọ̀sì Dallas: Bàbá Bowie, mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti kúlà yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mò ń sọ. Memorial Day 2022, ìsinmi oṣù Karùn-ún níbí, mo se jọ̀lọ́ọ̀fù parí ní aago mọ́kànlá alẹ́, mo rọ ọ́ sínú kúlà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo gbé e kaná dáadáa, òórùn rẹ̀ dùn, kò kan lẹ́nu. Kó tó di alẹ́, èèyàn mẹ́fà ń bì. Bàbá mi wà nínú wọn, ẹni ọdún 71. Ọsibítù ni wọ́n sùn, wọ́n fa omi sí wọn lára mọ́jú. Mo jókòó ti ibùsùn wọn, mò ń wo omi yẹn bó ṣe ń kán tó, tó, tó, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fún wọn jẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí o.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Èso rẹ̀ kì í kú nínú ìrẹsì tí a sè. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, èso yẹn á hù, á sì pọ májèlé sínú oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e kaná, kòkòrò lè kú, májèlé yẹn ò ní kúrò. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 140°F lọ, kúlà ò sì lè ṣe ìyẹn mọ́jú.

Bàbá Bowie, Maryland: Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti Bàbá, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé kúlà ló fà á. Ó lè jẹ́ tòmátì ni kò dín dáadáa. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò bì rí nílé mi. Nílé, ta ló ní tẹmọ́mítà? Ṣebí a jẹ ìrẹsì ìnáwó dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta: Bàbá, ẹ rántí dáadáa. Ìrẹsì ìnáwó nílé, ìdájí ni wọ́n ń dá iná rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán, èèpá ìdí ìkòkò làwọn ọmọ ń ha. Ìgbà wo ló sùn mọ́jú? Ọbẹ̀ tó bá sì sùn, àwọn ìyá wa ń gbé e kaná láàárọ̀, wọ́n ń gbé e kaná lálẹ́, kó hó dáadáa. Wọn ò dé e sínú kúlà kí wọ́n lọ sùn. Àwa tí a dé ìhín la bẹ̀rẹ̀ ti kúlà, torí a fẹ́ sùn kí àlejò tó dé.

Ìyá Ìbejì, Houston: Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bàbá Bowie, Maryland: Ẹ ti gbìmọ̀ pọ̀ lé mi lórí. Tèmi ò bàjẹ́ rí, mo tún un sọ. Ṣùgbọ́n màá ra tẹmọ́mítà, nítorí bàbá yín.

Nọ́ọ̀sì Dallas: Ẹ ṣeun, sà. Ìyàwó Katy, ata ni kí ẹ dín sílẹ̀ lọ́la, ẹ dà á sínú abọ́ tí kò jìn kó tètè tutù, ẹ gbé e sí fíríìjì. Lọ́jọ́ Ajé, aago méjìlá, ẹ da ìrẹsì sí i. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé oúnjẹ síta, wákàtí méjì péré. Bí ooru bá ju 90°F lọ, wákàtí kan ni, a sì mọ bí Katy ṣe ń rí nínú oṣù Kẹsàn-án. Adìẹ, ẹ gún tẹmọ́mítà sí ibi tó ki jù, kó wọ 165°F.

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago: Ẹ jẹ́ kí n fi ti èédú kún un. Òjò ká wa mọ́ lọ́dún kan, a gbé gíríìlì wọ gáréèjì, a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ìdajì. A rò pé atẹ́gùn tó. Kò pẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyàwó mi. Ọmọ wa obìnrin fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń tòògbé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri. Àbúrò ìyàwó mi ló pariwo pé ká gbé ọmọ náà síta. Panápaná dé, wọ́n ní èéfín tí a ò rí, tí kò ní òórùn, ló ti ń pa wá lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dákun, bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró dè é. Èédú ò gbọdọ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ wọ gáréèjì.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ha! Ọlọ́run ṣeun. Báwo ni ọmọ náà báyìí?

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago: Ó ti wọ yunifásítì, Mà. Ẹ ṣeun.

Àbúrò Peckham, London: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà, ẹ kú ìmúra. Ìsinmi tiwa ti kọjá, Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ la máa ń ṣe é. Òjò pa gíríìlì, a jẹun nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè bá Peckham du ọjà o. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ ra ìgbín, ẹja gbígbẹ àti ewé ẹ̀kọ, mi ò wọ mọ́tò.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ẹ̀kọ ṣe nínú òtútù yẹn? Wá sí òpópó Bissonnet ní Houston níbí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí imú rẹ gbọ́ suya.

Bàbá Bowie, Maryland: Imú yóò gbọ́ suya, ẹ̀fọn yóò sì gbé ẹni tó ń jẹ ẹ́. PG County, àgbègbè wa ní Maryland, ni kí ẹ wá. Bí mo bá ní kí n kí aládùúgbò mi, Yorùbá ni màá fi kí i.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta: Ẹ̀yin ará Maryland tí súpámákẹ́ẹ̀tì yín kì í ta wáìnì!

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ gbá a mú níbẹ̀! Àwa ń ra tiwa níbi tí a ti ń ra tòmátì.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta: Ó rán mi létí. Ìyàwó Katy, ṣọ́ọ̀bù ọtí líle kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú ní Texas, ṣùgbọ́n ẹ ó rí wáìnì ní súpámákẹ́ẹ̀tì láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìgò kan, 750ml, ife márùn-ún ni. Ẹni tó ń mu ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe gbogbo orí 45. Níbi tí ata rodo bá wà, pupa tó le máa ń mú kí ata ta èèyàn sí i, wáìnì funfun Riesling tó dùn díẹ̀ ló bá àsun mu. Ẹ má kàn fi sí fíríìsà kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀. Mo ṣe é, mẹ́ta ló dì, kọ́ọ̀kì méjì ta jáde, ìkẹta fọ́ sára ẹran tí mo ti pèsè. Mélòó ló ń mu nínú yín?

Bàbá Bowie, Maryland: Wáìnì kẹ̀! Ẹmu ló bá àsun mu. Ẹmu ìdájí, tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, tí oyin ṣì ń léfòó lójú rẹ̀, tí a fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká tó gbé ahá sẹ́nu. Bàbá bàbá mi kì í bu tiwọn kí wọ́n tó ta díẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ta nínú ìgò níbí, mo mu ún, mo gbé e kalẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago: Sà, ẹ ti mú mi rántí ilé.

Ìyàwó Katy: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ mi wà nínú omi. Ọ̀rá mẹ́rin ti yọ́. Aago kan ààbọ̀ ti lù, ìka mi ti kú. Ìyá ọkọ mi gbọ́ omi tó ń dà, wọ́n dìde wá, wọ́n ta gèlè mọ́rí, wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ wá. Ẹran ti wà lórí iná. Wọ́n ń gé àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, wẹ́wẹ́, láìwo ọwọ́. Wọ́n tún ti dá ọ̀rọ̀ kílíṣí tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú sílẹ̀. Wọ́n ní ṣebí oṣù Karùn-ún lọjọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, àwọn ará ilé kejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́ pé a ń dáná? Mo ní a ò pè wọ́n. Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń pè? Ṣé wọn ò ní gbọ́ òórùn ni?" Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa gbé tiwọn lọ, nínú abọ́ tó ní ìdérí, kì í ṣe abọ́ pépà.

Ìyá Ìbejì, Houston: Omi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ Iléyá, èmi ni ìyá mi máa ń rán, ojúlé mọ́kànlá, kí n tó fẹnu kan tèmi. Bá mi kí wọn, kí wọ́n pẹ́ fún wa.

Nọ́ọ̀sì Dallas: Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ jẹ́ kí abọ́ tí wọ́n máa gbé jáde gbóná dáadáa o.

Ìyàwó Katy: Wọ́n gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún bàbá yín ní àlàáfíà. Ẹ̀gbọ́n Atlanta, àwọn tó ń mu ò ju 18 lọ. Ìgò mélòó nìyẹn? Ṣé kí n ra pupa díẹ̀ mọ́ ọn?

Àbúrò Peckham: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyá bóyá wọ́n mọ bí a ṣe ń di ewé mọ́ínmọ́ín tí kì í jò. Tèmi jò lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ló dà sínú omi.

Bàbá Bowie, Maryland: Kí wọ́n dúró, èmi náà fẹ́ gbọ́.