“Ìpalẹ̀mọ́ ilẹ̀” kọ́ ni ó yẹ kí a pè é

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnìkan nínú wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn Yorùbá tó jẹ́ ayálégbé ní London bi wá ní ohun tí a ó pe iṣẹ́ tí a máa ń ṣe sí ilẹ̀ balùwẹ̀ kí a tó tẹ́ rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e. Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí “ìpalẹ̀mọ́ ilẹ̀”. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Ilẹ̀ ti wà nínú “ìpalẹ̀mọ́” tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pé a pè é lẹ́ẹ̀mejì kọ́ ló ká mi lára. Mo mọ̀ pé a ń sọ “ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó”, tí kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ mú ìgbálẹ̀. Bí ilẹ̀ gan-an bá wá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni yóò jí: ẹni tí a bá ní kó palẹ̀ abọ́ mọ́, kíkó kúrò ni yóò kó o. Òǹkàwé yóò gbálẹ̀, yóò nù ún, yóò sì rò pé òun ti ṣetán, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà yìí kì í bo àṣírí. Orí pátákó ni balùwẹ̀ tèmi wà, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo kan plywood onímílímítà 6 mọ́ ọn, mo fi sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn dí ojú oríkèé rẹ̀, àmọ́ n kò rí èérún sìmẹ́ǹtì kan tó gbẹ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò pé oṣù kan tí rọ́bà fi yọ gọ́ńgọ́ níbẹ̀, àtàǹpàkò mi sì ń bá a pàdé ní àràárọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “rẹ́”. Bíríkìlà ń rẹ́ ògiri, ìyẹn ni pé ó ń fi nǹkan tútù dí ihò rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Ohun kan náà ni a ń ṣe sí ilẹ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di “ìrẹ́lẹ̀”, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, ìwàásù lórí ìrẹ̀lẹ̀ ni yóò dà. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ ní “rírẹ́ ilẹ̀”, kí a sì pe gbogbo iṣẹ́ náà ní “títún ilẹ̀ ṣe de rọ́bà”.

Ẹni tó ní kí a kọ “fáínìlì” (vinyl) dípò “rọ́bà” jàre díẹ̀, nítorí ike ni nǹkan náà, kì í ṣe rọ́bà. Ṣùgbọ́n ọjà ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń bà mí lẹ́rù nínú àkọsílẹ̀ náà: “ẹ họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò”. Ọdún 1999 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin de gbogbo asbestos (èròjà ìkọ́lé tó ní okun tín-ín-rín), ó sì lè wà nínú táìlì àtijọ́ àti gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ rẹ̀. Tí a bá họ ọ́, eruku tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ni yóò tú jáde. Mo bẹ olùtumọ̀ pé kó kọ “ẹ má fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò” síbẹ̀, kó sì fi “họ” sílẹ̀ fún ilé tí kò tíì pẹ́.