Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, nẹ́gétíìfù bàbá mi ti ń bàjẹ́ lọ

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ fótò, ẹ kú iṣẹ́ o. Fótógíráfà ni bàbá mi n'Íkẹ̀rẹ́-Èkìtì níbí, fíìmù ni wọ́n lò jẹun. Òótọ́ ni pé láti 1975 ni Kodak ti ṣe kámẹ́rà dìjítà l'Ámẹ́ríkà, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi dìjítà ni mò ń lò, ṣùgbọ́n nẹ́gétíìfù bàbá mi, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, tí ibi tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán máa ń dúdú, tí ibi tó dúdú sì máa ń mọ́lẹ̀, kún yàrá kan, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọdún Olósùnta, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin sì ti ń mú wọn, àwọn kan ti bu bíi búrẹ́dì, àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra. Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti Adó tí wọ́n ń wá fótò ọkọ wọn tó ti dolóògbé, fótò yẹn nìkan ló wà lọ́kàn wọn, a rí i, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ojú ẹ̀ ti pa rẹ́. Ó dùn mí gan-an ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé sikánà, ẹ̀rọ tó ń da àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, ni kí n rà ni àbí kí n wá lẹ́ǹsì makírò, èyí tó ń ya nǹkan kékeré nítòsí, sí kámẹ́rà mi, kí n máa gbé wọn sórí iná funfun kí n máa yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Dúdú àti funfun ò le, àwọn aláwọ̀ ló ń dà mí láàmú, ara fíìmù wọn pọ́n rúsúrúsú látilẹ̀, tí mo bá yí àwọ̀ ẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ lórí kọ̀ǹpútà ojú èèyàn á yọ búlúù. Àwọn tó lẹ̀ mọ́ra ńkọ́? Wọ́n ní kí n rẹ wọ́n sómi, ẹ̀rù ń bà mí torí ibi tí àwòrán wà lára fíìmù máa ń rọ̀ tómi bá kàn án. Owó ọwọ́ mi ò ká méjèèjì o, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?