Màmá mi dìde níbi tí a ti ń wo fíìmù àtijọ́ kan, wọn ò sì tíì sọ nǹkan kan títí di òní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Lálẹ́ Sátidé, èmi àti màmá mi jọ ń wo Beloved, fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 1998. Oprah Winfrey ló ṣe Sethe, ẹrú tó sá láti Kentucky lọ sí Cincinnati. Nígbà tí olówó rẹ̀ tọpa rẹ̀ débẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀ obìnrin kí wọ́n má baà kó o padà sóko ẹrú. Ọdún gorí ọdún, ọmọge kan ṣàdédé yọ sí wọn. Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì ọmọ yẹn ló ń jẹ́. Àpá sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ibi àpá yẹn ni màmá mi ti dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ tọ̀ ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ omi ní kíṣìnì. Ìkòkò tí mo ti fọ̀ lọ́sàn-án ni mo bá wọn tí wọ́n ń fi kànrìnkàn ha. Wọ́n ní, "Lọ pa ìyẹn."

Dúrójayé ni mo ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ fún mi nígbà kan pé ọmọ méjì ló kú kí n tó dé, àti pé wọ́n fi abẹ sàmì sí èkejì létí kí wọ́n tó sin ín. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu màmá mi rí. Mo lóyún oṣù mẹ́ta báyìí. Ṣé kí n bi wọ́n ni, àbí kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Má bi wọ́n o! Ohun tí wọ́n ti gbé mì, ìwọ fẹ́ kí wọ́n pọ̀ ọ́. Fi fíìmù aláwàdà sí i fún wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò gbà. Aláboyún ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú láyé àtijọ́, fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé oyún yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn yẹn, gbogbo oyún ló sì ń tún kèké náà ṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwọ àti ọkọ ẹ ti ṣe jẹ́nótáìpù? Tó o bá máa bi wọ́n, má bèèrè ikú. Bèèrè bóyá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà máa ń wú.

Bọ̀ọ̀dá Olùkọ́: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ inú fíìmù yẹn kì í ṣe àbíkú. Àbíkú ló ń dá ọjọ́ tó máa lọ. Ti èyí, ìyá ẹ̀ ló rán an lọ. Ìdí nìyẹn tí Sethe ò fi lè lé e. Ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Garner ni Toni Morrison, tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, rí kà kó tó kọ ọ́. Lóṣù kìíní 1856, odò Ohio ti dì gbagidi, Margaret àti ẹbí rẹ̀ sá lóko ẹrú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ún kọjá. Nígbà tí wọ́n ká wọn mọ́lé, ó pa ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ò ju bí ọdún méjì lọ. Wọ́n sì dá a padà fún olówó ẹ̀ bí ẹrù tó sọnù! Nínú fíìmù, àwọn obìnrin àdúgbò ló kóra jọ síwájú ilé tí wọ́n ń kọrin, ọ̀rọ̀ náà tó rọjú. Torí náà, pe àbúrò màmá yín obìnrin sí i. Má dá a ṣe.

Ìyá Ìbejì: Olùkọ́ ò ní ṣàì dá kíláàsì sílẹ̀. Dúró, níbo lèèyàn ti lè rí fíìmù ọ̀hún?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. AS ni mí. Ọkọ mi ní AA lòun, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìgbà tó wà nílé ìwé ló ń sọ. A máa tún un ṣe ní Mọ́ńdé.

Mi ò dúró de àbúrò màmá mi. Láàárọ̀ yìí tí wọ́n ń rẹ́ ilá, mo ní, "Màmá, èwo ni mo jọ nínú àwọn tó ṣáájú mi?" Ọ̀bẹ dúró. Wọ́n ní, "Èkejì. Òun náà kì í jẹ ẹ̀wà." Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ á kàn wú, á wá máa ké." Wọ́n tún mú ilá mìíràn.