Mo rẹ sátíìnì sínú èlú lẹ́ẹ̀márùn-ún, aró ò mú un

AlaroEnuwa: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, èlú gidi ni mo fi ń ṣe àdìrẹ, kì í ṣe aró òyìnbó. Kọ́sítọ́mà kan gbé sátíìnì funfun yáàdì méjìlá wá, ó ní aṣọ tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó máa wọ̀ ni, òun ò fẹ́ kẹ́míkà kankan, ewé nìkan. Tí mo bá fà á yọ nínú aró, á kọ́kọ́ rí bí ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i á di búlúù, inú mi á dùn, àfi bí mo bá fi omi ṣàn án báyìí tí gbogbo búlúù yẹn bá omi lọ, èyí tó kù lára ẹ̀ dà bíi yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fi búlúù ìfọṣọ sí. Inú ìkòkò kan náà ni mo rẹ aṣọ òwú sí lọ́jọ́ yẹn o, ìyẹn dú bí etù! Ṣé kí n fi álọ́ọ̀mù sí i ni àbí iyọ̀? Sátidé ló fẹ́ gbà á.

IyaIlesa: Ọmọ mi, gé etí ẹ̀ díẹ̀ bí èékánná, fi ẹ̀mú dì í mú, ṣáná sí i. Tó bá jó bíi pépà tó di eérú, òwú ni. Tó bá ń súnkì tó ń yọ́ bí ọ̀rá, tó wá di kóró dúdú líle, póliẹ́sítà ni, má fi èlú ẹ ṣòfò mọ́. Nílé wa n'Iléṣà, ìyá tó bí ìyá mi máa ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò kó tó da èlú sí i, eérú èèpo kòkó ni, ó sì ń tó ọjọ́ márùn-ún kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Òwú ló fi gbogbo ọgbọ́n yẹn mọ̀, kò mọ sátíìnì rí. Wo bùbá tí wọ́n rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, aṣọ á dú, okùn tí télọ̀ fi rán an á funfun báláú, póliẹ́sítà ni okùn yẹn.

omo_kemisiri: Òótọ́ ni màmá sọ. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe póliẹ́sítà, Whinfield àti Dickson ló ṣe é jáde n'Ílú Ọba ní 1941. Òwú ń mu omi, omi ló ń gbé èlú wọnú ẹ̀, tí atẹ́gùn bá wá kàn án ó há síbẹ̀. Póliẹ́sítà kì í mu omi, ara ẹ̀ dí pinpin, ẹnu ọ̀nà ni èlú jókòó sí, ìyẹn lẹ ṣe ń ṣàn án nù. Álọ́ọ̀mù ò lè ṣe nǹkan kan sí i, èlú ò tiẹ̀ nílò álọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń gbé ooru ẹ̀ dé bíi 130°C nínú ẹ̀rọ tó dé pa, àwọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní disperse dye ni wọ́n sì ń lò. Omi tó ń hó lórí ààrò wa ò kọjá 100.

Mama_Tola: Ẹ má ní kò ṣeé ṣe rárá. Mo ti se póliẹ́sítà pẹ̀lú ata ilẹ̀ pupa fún wákàtí méjì, ó mú un, yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo sá a sóòrùn, kò pẹ́ tó fi ṣá. Náílọ́ọ̀nù ló sàn jù nínú àwọn aṣọ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe torí ó fìwà jọ sányán àti irun àgùntàn, èèpo àlùbọ́sà ń mú un dáadáa. Ẹ má lo ìkòkò ọbẹ̀ o, bàbá Tọ́lá ò jẹun nínú tèmi mọ́ títí dòní.

AlaroEnuwa: Mo ti sun ún. Ó yọ́, ó tún ta sí mi níka. Mo pe kọ́sítọ́mà, ó ní sílíìkì ni wọ́n pè é fún òun lọ́jà, kí n san owó sátíìnì òun padà. Èwo ni tèmi níbẹ̀? Mo ní kó lọ ra gínnì, òun náà ń dán, òwú sì ni.

IyaIlesa: Má san kọ́bọ̀.

AlaroEnuwa: Ẹ ṣé mà. Ó ti gbà láti ra gínnì. Ọ̀rọ̀ okùn yẹn ńkọ́, torí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rán an kí n tó rẹ ẹ́?

IyaIlesa: Ní kí télọ̀ wá okùn òwú. Tó bá ti mú un dé, ṣáná sí ìyẹn náà.