Re: “Agbègbè aláìnímọ̀” kẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ìtumọ̀ tí ọ̀gá wa fi ránṣẹ́ lánàá rèé, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní “data-scarce regions”, ìyẹn agbègbè tí àkọsílẹ̀ omi kò pọ̀ sí: “lílo àwòrán sátẹ́láìtì láti tún àwòṣe omi ṣe ní agbègbè aláìnímọ̀.” Ta ni aláìnímọ̀? Ẹni tó ń gbé etí odò, tó mọ ibi tí omi ń gùn dé lọ́dọọdún? Àkọsílẹ̀ ni kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìmọ̀.

Ẹ má sì ní kí n kàn fi “àkọsílẹ̀” rọ́pò “ìmọ̀” kó parí. “Àì” yẹn gan-an ni mo bá ń jà. Àì ní kò sí rárá. Bẹ́ẹ̀ ó wà: òṣùwọ̀n òjò kan níhìn-ín, òmíràn lọ́nà jíjìn, ìwé odò tó fo ọdún mélòó kan. Díẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń yẹ ìṣirò wò, bóyá iye omi tó ní yóò gba odò kọjá ló kọjá lóòótọ́. Bí kò bá sí rárá, kí sátẹ́láìtì máa wí, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ohun tó wà tí kò tó, Yorùbá ti sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀wọ́n. Ọ̀wọ́n omi, ọ̀wọ́n epo. Kí ló ṣe ọ̀wọ́n àkọsílẹ̀? (Ẹni tó dábàá “ọ̀wọ́n dátà”, ẹ gbàgbé ẹ̀. Gbogbo ayé á rò pé owó íntánẹ́ẹ̀tì ló tún lé.) Ẹ sì fàmì sí i dáadáa, kó má di ọwọ̀n tó gbé ilé ró.

“Àwòrán” náà kò kárí. Àwọn sátẹ́láìtì kan ń yàwòrán lóòótọ́, ṣùgbọ́n GRACE tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2002, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 2017, kò ya nǹkan kan. Sátẹ́láìtì méjì ni, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, àlàfo wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 220. Bí èyí tó ṣíwájú bá ń sún mọ́ ibi tí omi pọ̀ sí, ìbáà jẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, òòfà ibẹ̀ (gravity) á fà á síwájú díẹ̀, àlàfo á fẹ̀. Ìyípadà àlàfo yẹn ni wọ́n ń wọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá omi ilẹ̀ ń lé sí i láti oṣù dé oṣù tàbí ó ń fà. Kámẹ́rà dà níbẹ̀? Sátẹ́láìtì SWOT ti 2022, rédà ló fi ń wọn gíga omi odò àti adágún. Ẹ pè é ní ìwọ̀n láti òfúrufú. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti wọ́n la ti ń lọ wọ̀n, ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n.

Ọ̀gá wa ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń kọ́ni. Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn àgbà tó kọ́ èmi ní gírámà kì í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó sì ń bínú nítorí “òṣùpá àtọwọ́dá” (ìyẹn sátẹ́láìtì), n kò ní dá ìjà yẹn sílẹ̀ mọ́.

Ó ku “àwòṣe” tó fi túmọ̀ “model”. Ohun tí a wò, tí a ṣe irú rẹ̀, nìyẹn. Model tiwa yìí ń ṣírò bí òjò ṣe ń di odò. “Ìṣirò ìrìn omi” ni mo fara mọ́; ẹni tó bá ní èyí tó jù ú lọ, kó mú un wá.