Òjò àkọ́rọ̀ ń tan àgbẹ̀ jẹ: bí a ṣe ń wọn òjò, bí a ṣe ń gbà á sílé

Ọmọ Ṣakí
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìṣirò àwọn onímọ̀ kúrò nílẹ̀. Ní Paris lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ṣàdéhùn pé àwọn á sapá kí ooru ayé má fi ju dígírì 1.5 lọ lórí bó ṣe wà kí iléeṣẹ́ ńláńlá tó gbòde. Lọ́dún 2024, ó dé nǹkan bí 1.55. Ọdún kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, lọ́dún yẹn kan náà ní bí àwọn ìjọba bá ń bá a lọ báyìí, ó lè tó 3.1 kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ti 2025 kọ 2.8. Èyí tó kan ojú oko níbẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, ó lè fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún gbé omi sí i. Omi náà á pẹ́ lókè, ilẹ̀ á gbẹ, lẹ́yìn náà á dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, “òjò ti rọ̀” kò tó ọ̀rọ̀ mọ́. Mélòó ló rọ̀? Ọjọ́ mélòó ló sì fi dá?

Àgbẹ̀ Ìgànná
Ike omi lítà kan àbọ̀ ti tó láti mọ iye tó rọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ gùn gbọọrọ ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tó ní ìbàdí á purọ́. Ẹ gé e níbi tí ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún, kẹ́ ẹ dorí èyí tẹ́ ẹ gé kodò sínú rẹ̀ bí àrọ. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e ṣubú, ẹ bu omi bo òkúta, kẹ́ ẹ fàlà síbi tí omi dé: òdo nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lẹ rúlà mọ́ ọn. Mìlímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ẹ má fi àrọ tó fẹ̀ ju ike lọ sí i, á gba òjò tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí igi tó wà nítòsí bá ga ní mítà 5, ẹ gbé ike jìnnà sí i ní mítà 10. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà á, kẹ́ ẹ sì da omi rẹ̀ padà sí òdo.

Òjò àkọ́rọ̀ ló ń pa àgbàdo. Bí mìlímítà 20 bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, irúgbìn á mumi yó, á hù. Bí òjò bá wá dá fún ọjọ́ mẹ́wàá, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì débi tí omi wà. Ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 15, kẹ́ ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ fún un lọ́wọ́. Bí kò bá dì, ẹ má tíì gbìn. Ẹ pín irúgbìn sọ́nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá sáàárín.

Ìyá Olóko
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín títí dórí ọ̀nà mẹ́ta yẹn. Láti 2016 tí kòkòrò ajẹwé tí wọ́n ń pè ní fall armyworm ti wọ Nàìjíríà, àgbàdo tó gbẹ̀yìn ni kòkòrò inú ti àkọ́kọ́ máa ń ṣí lọ bá. Ọ̀nà méjì tó, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ọkàn ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ajílẹ̀ yúríà náà ńkọ́? Ẹ má fọ́n ọn sórí ilẹ̀ lásán, ooru á gbé e lọ. Ẹ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, kẹ́ ẹ bò ó.

Pọ́ńbà Mọ́níyà
Ẹ má gbàgbé èyí tó ń bọ́ sórí páànù. Ẹ wọn ilẹ̀ tí òrùlé bò, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ páànù fúnra rẹ̀. Mítà 10 lọ́nà 6 jẹ́ 60. Òjò mìlímítà 25 níbẹ̀ jẹ́ lítà 1,500. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, ó ku 1,200. Òjò kan ṣoṣo ti kún táńkì ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà tó ń lo lítà 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ á fi jẹ ọjọ́ 8.

Gọ́tà ló sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ó yẹ kó máa fi sẹ̀ńtímítà kan rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá gùn ní mítà 10, ìpẹ̀kun rẹ̀ á ti fi sẹ̀ńtímítà 10 sọ̀ kalẹ̀ kúrò létí páànù, òjò ńlá á sì máa fò ó kọjá. Ẹ gbé ẹnu páìpù sáàárín kí apá méjèèjì dà síbẹ̀. Sẹ̀ńtímítà 5 péré ló kù.

Omi tó kọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ọyẹ́ kúrò lórí òrùlé kò gbọ́dọ̀ wọ táńkì. Fún òrùlé yìí, ó tó lítà 30. Mítà kan páìpù íǹṣì 4 kò gbà ju bíi lítà 8 lọ, bẹ́ẹ̀ mítà kan náà làwọn kan máa ń rì síbẹ̀ tí wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí! Kẹ́ẹ̀gì lítà 30 ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Tó bá kún, bọ́ọ̀lù rọ́bà inú rẹ̀ á léfòó dí ẹnu rẹ̀, omi á sì gba ọ̀nà táńkì. Ẹ fi ìṣó lu ihò sídìí kẹ́ẹ̀gì kó lè máa kán títí yóò fi gbẹ ṣáájú òjò mìíràn. Iyanrìn máa ń dí ihò yìí. Kẹ́ẹ̀gì á wà ní kíkún, ìdọ̀tí á sì máa wọ táńkì láìsẹ́ni tó fura.

Táńkì dúdú ni kẹ́ ẹ rà, kí ewé omi má hù nínú rẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí gbogbo ẹnu rẹ̀, títí kan páìpù tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà jáde. Ibẹ̀ lẹ̀fọn ń gbà wọlé. Bó bá kún, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ má to búlọ́ọ̀kù lásán sábẹ́ rẹ̀. Ẹ se omi kẹ́ ẹ tó mu ún.

Ará Bẹẹrẹ
Táńkì kò dá omíyalé dúró o. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀ lé ní mìlímítà 187. Lórí òrùlé tí Pọ́ńbà ṣírò yẹn, ó ju lítà 11,000 lọ. Omíyalé odò Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 náà, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ni, oṣù tí gbogbo ayé ń pè ní ìsinmi òjò. Ẹ darí àkúnwọ́sílẹ̀ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà 3, kì í ṣe sídìí ògiri aládùúgbò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kòtò olókùúta fún un, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sẹ̀ńtímítà 30, kẹ́ ẹ da omi kún un. Bí omi ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, amọ̀ ni ilẹ̀ yẹn, ẹ wá ibòmíràn.

Àgbẹ̀ Ìgànná
Òótọ́ ni. Ike wa náà kò lè gba 187: tẹ́ ẹ bá yọ àyè tí òkúta àti àrọ gbà, á kún kó tó débẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, bí òjò bá ń bọ́ kíkankíkan, ẹ má dúró di àárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ kà á.