Wáyà eyín àbí ti kọ̀ǹpútà?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Eyín iwájú ọmọ mi gun ara wọn, dókítà wá ní àwọn ò ní kì pèésìtì tí wọ́n fi ń gba àwòṣe eyín bọ̀ ọ́ lẹ́nu, pé scanner làwọn máa fi ya eyín ẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣe ìyókù. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó?

Ọmọ Láàbù: Òótọ́ ni mà. Scanner yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju búrọ́ọ̀ṣì eyín lọ, bí wọ́n ṣe ń fi rìn lórí eyín lẹ ó máa rí i tó ń jáde lórí screen, kò sóhun tó ń ṣàn lọ sọ́nà ọ̀fun táá máa múni bì. Dókítà á wá sún eyín díẹ̀díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a ó fi 3D printer tẹ àwòṣe ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó na rọ́bà gbígbóná lé e, a ó gé e, ọmọ á máa wọ̀ ọ́ sórí eyín, ti ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, kí eyín lè máa sún. Iṣẹ́ tí Invisalign ń ṣe nìyẹn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1997.

Bàbá Kékeré: Ẹ rọra o. Scanner ò rí gbòǹgbò eyín, ẹ ní kí wọ́n ya x-ray. Rọ́bà yẹn sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu fún wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́, oúnjẹ àti fífọ ẹnu nìkan lẹ fi ń yọ ọ́.

Ìyá Àdùkẹ́: Wákàtí 22 kẹ̀? Ọmọ tó ń gbàgbé bàtà sílé ìwé! Wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín ni jàre.

Ọmọ Láàbù: 😂 Wọ́n ṣì lè fi scanner ṣètò wáyà náà o mà.